Okòwò pànkẹ́rẹ́ lọ́wọ́ àwọn ará abúlé àti ìdábòbò igbó ní agbègbè Àjàṣẹ́

Okòwò pànkẹ́rẹ́ ti àwọn ará abúlé ni iṣẹ́ ajé tí àwọn tí ń gbé létí igbó ń darí fúnra wọn, láti orí gígé pànkẹ́rẹ́ nínú igbó títí dé orí títa àga, tábìlì àti apẹ̀rẹ̀ tí a fi ṣe, pẹ̀lú èrò pé owó tí wọ́n ń rí níbẹ̀ yóò mú kí wọ́n dá igbó náà sí. Ohun tí èrò yìí dúró lé kò ṣòro láti lóye. Pànkẹ́rẹ́ kì í dá dúró. Igi mìíràn ni ó ń gùn kí ó tó rí oòrùn, bí a bá sì gé igi tí ó gbé e dúró, òun náà di ìdọ̀tí ilẹ̀. Nítorí náà, ẹni tí oúnjẹ rẹ̀ wà lára pànkẹ́rẹ́ ní ìdí tirẹ̀ láti fẹ́ igi tí ó wà lóòró ju igi tí a ti sun di èédú lọ. Ní gúúsù ìlà-oòrùn orílẹ̀-èdè Benin, láàrin Àjàṣẹ́ tí ìwé ìjọba ń pè ní Porto-Novo, Ṣàkẹ́tẹ́, Pobẹ̀ àti Kétu, níbi tí igbó tí ó ṣẹ́kù ti wà ní ẹ̀là kékeré-kékeré láàrin oko, ọ̀rọ̀ yìí bá ilẹ̀ mu, ṣùgbọ́n ó ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ.

Ewéko náà

Ọ̀pọ̀ ọmọ ilé-ìwé ni ó kọ́kọ́ mọ pànkẹ́rẹ́ láti ọwọ́ tíṣà kí wọ́n tó mọ̀ pé ewéko ni. Inú ìdílé ọ̀pẹ ni ó wà, ẹbí ni òun, àgbọn àti ògùrọ̀. Àwọn tí ń sọ Faransé ní Àjàṣẹ́ ń pè é ní rotin. Kò dà bí ọparun tí inú rẹ̀ ṣófo: ọ̀pá pànkẹ́rẹ́ kún dé inú, ìdí nìyí tí ó fi ń tẹ̀ láìkán bí a bá ti iná bọ̀ ọ́.

Nǹkan bí ẹ̀yà 600 ni ó wà láyé, Éṣíà sì ni ó ni èyí tí ó pọ̀ jù. Àtúnyẹ̀wò tí onímọ̀ ewéko Terry Sunderland tẹ̀ jáde ní ọdún 2012 ka ẹ̀yà 22 fún Áfíríkà, ó sì pín wọn sí ọ̀wọ́ mẹ́rin, èyíinì ni Laccosperma, Eremospatha, Oncocalamus àti Calamus. Èyí tí àwọn ahun-àga ń fẹ́ jù ni Laccosperma tí ọ̀pá rẹ̀ nípọn, tí a fi ń ṣe egungun àga, àti Eremospatha tẹ́ẹ́rẹ́ tí a fi ń hun ara rẹ̀. Ọ̀wọ́ Calamus, tí ẹ̀yà rẹ̀ jẹ́ ọgọ́rọ̀ọ̀rún ní Éṣíà, kò ní ju ọ̀kan ṣoṣo lọ ní Áfíríkà: Calamus deerratus, tí ó ń hù láti Sẹ̀nẹ̀gà dé ìlà-oòrùn Áfíríkà, tí ó sì fẹ́ràn etí odò àti ilẹ̀ àbàtà.

Benin wà lórí ilẹ̀ gbígbẹ tí ó la igbó kìjikìji ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà sí méjì, nítorí bẹ́ẹ̀ ni igbó dúdú kò fi pọ̀ níbẹ̀ bí ó ti pọ̀ ní Gánà tàbí ní gúúsù Nàìjíríà. Calamus deerratus yìí ni a mọ̀ jù nínú igbó àbàtà rẹ̀. Ó yẹ kí a sọ òótọ́ nípa rẹ̀: ọ̀pá rẹ̀ le, ó sì tètè ń kán, débi pé níbi tí Laccosperma tàbí Eremospatha bá wà, àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ kì í sábà yà sí i. Ètò okòwò tí kò bá ka èyí sí láti ìbẹ̀rẹ̀, tí ó kàn gbé àwòrán àga olówó iyebíye láti Éṣíà wá, ti kọ́ ilé sórí iyanrìn. Ohun tí ó bá irú ọ̀pá bẹ́ẹ̀ mu ni apẹ̀rẹ̀ ẹrù, ìgèrè tí àwọn apẹja fi ń dẹ ẹja, àti àwọn nǹkan ilé tí kò nílò títẹ̀ púpọ̀.

Gígé rẹ̀

Ẹni tí ó mọṣẹ́ kì í wo gígùn pànkẹ́rẹ́ nìkan kí ó tó gé e. Ìsàlẹ̀ ọ̀pá ni ó máa ń wò. Àkọ̀ ewé tí ó kún fún ẹ̀gún ni ó bo ọ̀pá tí kò tíì gbó, bí ọ̀pá náà bá sì ti ń dàgbà ni àkọ̀ yìí ń gbẹ, tí ó ń já bọ́, títí awọ dídán ara ọ̀pá yóò fi hàn. Ibi tí ó ti dán ni ó ti gbó. Ibi tí àkọ̀ ṣì wà, omi ni ó pọ̀ nínú rẹ̀, yóò sì súnkì bí ó bá gbẹ. A ó fi àdá gé e nítòsí ilẹ̀, ènìyàn méjì tàbí mẹ́ta yóò dì í mú, wọn yóò máa lọ́ ọ, wọn yóò sì máa fà á, títí àwọn ẹ̀gún rẹ̀, tí orí wọn tẹ̀ sẹ́yìn bí ìwọ̀ ẹja, yóò fi já kúrò lára ẹ̀ka tí wọ́n kọ́. Nígbà mìíràn wọn kò ní já. Ọ̀pá náà yóò wà lókè níbẹ̀, ìdí rẹ̀ ti kúrò nílẹ̀, yóò sì gbẹ láìṣe ẹnikẹ́ni láǹfààní.

Ọ̀pọ̀ ẹ̀yà pànkẹ́rẹ́ máa ń yọ ọmọ láti ìdí kan náà bí ọ̀gẹ̀dẹ̀, nítorí náà gígé ọ̀pá kan kì í pa ìdí náà. Ohun tí ó ń pa á ni kí a gé gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, àgbà pẹ̀lú ọmọ, kí a sì tún padà wá kí òmíràn tó gbó. Ní ti Calamus, akọ àti abo wà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Bí a bá gé gbogbo abo tí ó ti gbó, kò sí èso, kò sì sí irúgbìn. Ọ̀rọ̀ Laccosperma yàtọ̀, nítorí pé ọ̀pá rẹ̀ fúnra rẹ̀ máa ń kú lẹ́yìn tí ó bá ti so, nítorí bẹ́ẹ̀ kò sí àdánù púpọ̀ bí a bá dúró kí ó so kí a tó gé e. Láti inú irú ìmọ̀ yìí ni òfin abúlé ti ń jáde: kí a dá ọmọ sí, kí a fi ọ̀pá mélòó kan sílẹ̀ fún irúgbìn, kí a sì pín igbó sí ipa, kí a gé ipa kan lọ́dún yìí kí àwọn yòókù sinmi, bí àgbẹ̀ ti ń fi oko sílẹ̀ kí ilẹ̀ lè padà ní ọ̀rá.

Ibi tí owó wà

Pànkẹ́rẹ́ tútù kò ní sùúrù. Omi àti ṣúgà inú rẹ̀ ń pe olú àti kòkòrò, láàrin ọjọ́ díẹ̀ péré ni àbàwọ́n dúdú sì ti lè bẹ̀rẹ̀ sí í hàn lára rẹ̀. Ní Éṣíà, wọ́n máa ń sè é nínú epo dísù tí a lú mọ́ kẹrosíìnì, wọ́n sì ń fi èéfín imí-ọjọ́ fín in kí ó lè funfun. Nínú ọ̀pọ̀ ìsọ̀ kéékèèké ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, oòrùn nìkan ni ìtọ́jú tí ó ń rí. Ẹni tí ó ra àga bẹ́ẹ̀ yóò mọ̀ lẹ́yìn oṣù mélòó kan, nígbà tí ó bá rí ìyẹ̀fun pupa-rúsúrúsú lábẹ́ ẹsẹ̀ àga, tí kòkòrò ajẹgi ti ń dà sílẹ̀ láti inú.

Ní ìsọ̀ ahun-àga, ọ̀pá tí ó nípọn ju nǹkan bí mìlímítà 18 lọ ni egungun. Yóò dì í mú sórí iná gáàsì, yóò máa yí i kí awọ rẹ̀ má baà jó. Bí ó bá ti rọ̀, yóò tẹ̀ ẹ́ láàrin ìṣó ńlá tí a kàn mọ́ pátákó, kò sì ní tú u sílẹ̀ títí yóò fi tutù. Ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ ni ó máa ń là sí mẹ́rin, yóò fi ọ̀bẹ yọ inú rẹ̀ kúrò, awọ tí ó kù yóò sì di okùn tí ó fi ń we oríkèé àga kí ìṣó má baà hàn.

Ọ̀nà tí iṣẹ́ yìí gbà pín ni ó ń sọ bóyá igbó yóò jèrè tàbí yóò pàdánù. Bí ará abúlé bá ń ta ọ̀pá tútù ní ìdì-ìdì fún alágbàtà, ọ̀nà kan ṣoṣo tí ó ní láti fi kún owó rẹ̀ ni kí ó gé sí i. Bí ó bá jẹ́ pé ní abúlé ni wọ́n ti ń fá a, tí wọ́n ń ṣà á ní ìwọ̀n-ìwọ̀n, tí wọ́n ń gbẹ ẹ́, tí wọ́n sì ń là á, owó lè lé sí i láìjẹ́ pé a gé ẹyọ ọ̀pá kan kún un. Ọjà kò jìnnà: Àjàṣẹ́ ní ọjà Wàńdò, Àjárá tí a mọ ọjà rẹ̀ fún ìlù àti ìkòkò sì wà nítòsí. Ní ìkọjá ẹnubodè, àwọn ahun-pànkẹ́rẹ́ ti Mende ní Maryland, ní Èkó, ti ní orúkọ tiwọn, abánidíje sì ni wọ́n bí wọ́n ti jẹ́ oníbàárà.

Ta ni ó ni igbó?

Kò sí ẹni tí yóò dá ọ̀pá sí fún ọdún mẹ́ta bí ó bá mọ̀ pé àlejò lè wá gé e lọ́la. Òfin 93-009 ti ọjọ́ 2 oṣù Keje ọdún 1993 ni ó la ìlànà igbó sílẹ̀ ní Benin: ó gba ohun tí àwọn ará ìtòsí ń lò nínú ilé wọn láàyè, ṣùgbọ́n ó béèrè ìwé àṣẹ fún ohun tí a ń kó jáde fún títà. Òfin 97-029 ti oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1999, tí òfin mìíràn ti rọ́pò ní ọdún 2021, fún àwọn kọmúùnù, èyíinì ni ìjọba ìbílẹ̀, ní iṣẹ́ tiwọn lórí ìtọ́jú igbó àti àyíká. Nígbà tí ó di ọjọ́ 16 oṣù Kọkànlá ọdún 2012, àṣẹ 0121 tí àwọn mínísítà fọwọ́ sí lápapọ̀ fún àwọn igbó mímọ́ ní ipò lábẹ́ òfin. Èyí ṣe pàtàkì ní ilẹ̀ Nàgó, èyíinì ni ilẹ̀ àwọn Yorùbá Benin, nítorí pé igbó Orò àti igbó òrìṣà wà lára ibi tí igi ńlá ṣì ṣẹ́kù sí.

Igbó Orò kì í ṣe ibi tí gbogbo ènìyàn ń wọ̀, obìnrin kò sì gbọdọ̀ débẹ̀ rárá. Ètò tí ó bá sọ pé kí àwọn obìnrin gé pànkẹ́rẹ́ níbẹ̀ ti kùnà kí ó tó bẹ̀rẹ̀. Ọ̀nà tí ó ṣeé gbà ni pé kí ipa tiwọn wà nínú lílà, híhun àti títà, kí orúkọ wọn sì wà nínú ìwé ẹgbẹ́ gẹ́gẹ́ bí oníṣẹ́, kì í ṣe gẹ́gẹ́ bí ìyàwó oníṣẹ́. Òfin OHADA, àjọ tí àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà kan fi ń ṣe òfin okòwò kan náà, lórí àwọn ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, tí wọ́n fọwọ́ sí ní Lomé ní ọjọ́ 15 oṣù Kejìlá ọdún 2010, gba ènìyàn márùn-ún láàyè láti dá irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ tí ó rọrùn sílẹ̀. Ní ti àbàtà ìsàlẹ̀ odò Wémè, ọ̀sà Àjàṣẹ́ àti adágún Nokoué, wọ́n ti wà nínú àkọsílẹ̀ Ramsar, èyíinì ni ti àwọn ilẹ̀ àbàtà tí ó ṣe pàtàkì fún gbogbo ayé, láti ọdún 2000.

Ìrírí ibòmíràn

Ní Laos, ní ọdún 2011, igbó àwọn abúlé kan ní ìpínlẹ̀ Bolikhamxay gba ìwé ẹ̀rí FSC, tí ń jẹ́rìí pé a ń tọ́jú igbó dáadáa, fún pànkẹ́rẹ́, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ WWF, àjọ tí ń dáàbò bo ẹ̀dá inú igbó. Ohun tí irú ìwé bẹ́ẹ̀ ń béèrè ni pé kí a ka ọ̀pá tí ó wà nínú igbó kí a tó sọ iye tí a ó gé. Ẹ̀kọ́ Indonesia korò díẹ̀. Ní Kalimantan, apá kan Indonesia, àwọn ọmọ ìbílẹ̀ Dayak ti ń gbin pànkẹ́rẹ́ sínú oko tí wọ́n fi sílẹ̀ láti nǹkan bí àárín ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ṣùgbọ́n nígbà tí ìjọba dá títa pànkẹ́rẹ́ tútù sí òkèèrè dúró, tí ó tún ṣe bẹ́ẹ̀ ní ọdún 2012 láti ran àwọn ilé iṣẹ́ abẹ́lé lọ́wọ́, iye tí àgbẹ̀ ń rí lórí rẹ̀ já wálẹ̀, àwọn kan sì pa ọgbà pànkẹ́rẹ́ wọn rẹ́, wọ́n gbin ọ̀pẹ. Àgbègbè Pobẹ̀, tí ibùdó ìwádìí ọ̀pẹ ti wà láti ọdún 1922, kò nílò ẹni tí yóò ṣàlàyé irú ìdíje bẹ́ẹ̀ fún un.

Gbígbìn

A lè gbìn ín, ṣùgbọ́n kò yá. Èso rẹ̀ ní ìpẹ́ bí i ti ẹja. A gbọ́dọ̀ bó o, kí a fọ ẹran ara tí ó bo kóró dànù, kí a sì rẹ kóró náà sómi. Híhù rẹ̀ lè gba oṣù púpọ̀. Lábẹ́ ìbòòji ni a ń tọ́ ọmọ rẹ̀, bí ó bá sì dé inú igbó, ó nílò ihò kékeré tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé àti igi tí yóò gùn nítòsí. Àwọn ẹ̀yà tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n ń gbìn ní Éṣíà, irú Calamus caesius, máa ń tó gé lẹ́yìn ọdún 7 sí 10. Ẹni tí owó ilé-ìwé ọmọ ń lé kò lè dúró dè é bẹ́ẹ̀, èédú a máa yá jù ú lọ. Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí a gbìn ín sábẹ́ ògùrọ̀ àti àwọn igi tí ó ti wà létí omi tẹ́lẹ̀, níbi tí ẹmu, okùn àti ẹja yóò ti máa mú owó wọlé títí pànkẹ́rẹ́ yóò fi gun òkè.