Bí Ìṣirò Ìrìn Orí Òkè Ṣe Dé Inú Kọ̀ǹpútà

Máìlì 10 ni William Naismith rìn lórí àwọn òkè Scotland lọ́jọ́ kan ní 1892. Gbogbo ibi tó gùn lọ́jọ́ náà tó ẹsẹ̀ bàtà 6,300, ó sì gbà á ní wákàtí mẹ́fà àbọ̀. Ó wá kọ ìlànà kan sílẹ̀ fún àwọn tó ń pọ́nkè bíi tirẹ̀: wákàtí kan fún máìlì mẹ́ta-mẹ́ta, àti wákàtí kan lé e fún ẹsẹ̀ bàtà 2,000 kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá gùn. Ìṣirò náà bá ìrìn rẹ̀ mu régí. Àmọ́ ó sọ ẹni tó ṣe é fún: ọkùnrin tí ara rẹ̀ dá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Naismith kò ka ìsọ̀kalẹ̀ sí, bẹ́ẹ̀ orúnkún mọ̀ ọ́n lára. Waldo Tobler, onímọ̀ àwòrán ilẹ̀ ní yunifásítì kan ní Santa Barbara, ló kà á mọ́ ọn ní 1993, nígbà tó lo àkọsílẹ̀ tí Eduard Imhof, onímọ̀ àwòrán ilẹ̀ ará Switzerland, ṣe lórí bí ìrìn ṣe ń yá sí. Ní ilẹ̀ títẹ́jú, ó ní èèyàn á rin kìlómítà 5 ní wákàtí kan. Ibi tí ẹsẹ̀ ti ń yá jù ni ibi tó rọra dà sísàlẹ̀, mítà 5 nínú 100: kìlómítà 6. Tí òkè bá ga ní mítà 20 nínú 100, kò ju nǹkan bíi 2.5 lọ.

Ó ku kí kọ̀ǹpútà mọ bí ilẹ̀ ṣe ga tó. Ní Fẹ́búárì 2000, Endeavour, ọkọ̀ Amẹ́ríkà tó ń lọ sí gbalasa òfuurufú, fi rádà wọn nǹkan bí ìdá 80 nínú 100 ilẹ̀ ayé láàárín ọjọ́ 11. Báyìí, kọ̀ǹpútà á pín ilẹ̀ págunpàgun sí ojú kéékèèké bí ojú àwọ̀n, á ṣírò àkókò láti ojú kan dé èkejì, á sì fi ọgbọ́n tí Edsger Dijkstra, onímọ̀ kọ̀ǹpútà, tẹ̀ jáde ní 1959 wá ọ̀nà tó yá jù. Irú ìṣirò yìí ló wà nínú AccessMod, ètò orí kọ̀ǹpútà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣe, láti mọ àwọn tí ilé ìwòsàn jìnnà sí.

Ibí yìí ló ká mi lára. Aboyún tó ń rọbí kì í ṣe apọ́nkè. Níbi tí ilẹ̀ bá ti ga ní mítà 1 nínú 12, Tobler á ní kìlómítà 3.8 ní wákàtí kan ni, bẹ́ẹ̀, ní Amẹ́ríkà, ibẹ̀ ni òfin ti dá gíga ọ̀nà tí wọ́n ṣe fún àga onítáyà dúró, kò gbọ́dọ̀ ga jù bẹ́ẹ̀ lọ. AccessMod gba ẹni tó ń lò ó láyè láti fi ìyára tó bá fẹ́ sí i. Kí wọ́n kọ́kọ́ bá aboyún rin ọ̀nà náà, kí wọ́n tó kọ nọ́ńbà sílẹ̀.