Bí a ṣe ń ti òkèèrè mọ ohun tó ń lọ nínú ìtẹ́ àṣá peregrine

Àṣá peregrine kì í kọ́ ìtẹ́. Kì í ṣa igi, kì í fa koríko. Ibi pẹrẹsẹ kan lára ògiri àpáta ló ń wá, tàbí lára ilé gogoro tàbí abẹ́ afárá bó bá jẹ́ ìlú ló ń gbé. Yóò fi àyà àti ẹsẹ̀ ha ilẹ̀ ibẹ̀ títí kòtò kékeré kan yóò fi yọ nínú òkúta wẹ́wẹ́. Inú kòtò yẹn ló ń yé sí. Ẹni tó dúró nísàlẹ̀ kò lè rí inú rẹ̀, kò sì gbọdọ̀ gùn ún lọ wò. Ìṣe àwọn òbí ni yóò sọ fún un.

Akọ ni kí a máa ṣọ́ jù. Abo fi nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta tóbi jù ú lọ, nítorí náà kì í pẹ́ kí ojú tó dá wọn mọ̀. Láwọn ilẹ̀ olótùútù apá àríwá ayé, bí òtútù bá ti ń lọ sópin, akọ á bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ẹran wá fún abo. Bí abo bá wá jókòó sójú kan láti àárọ̀ dọ̀sán, tí kò ṣọdẹ mọ́, tó kàn ń retí akọ, ẹyin ti dé tán. Ìparí oṣù kẹta sí oṣù kẹrin ló sábà máa ń bọ́ sí. Ẹyin mẹ́ta tàbí mẹ́rin ni, nǹkan bí ọjọ́ méjì sì máa ń wà láàárín ọ̀kan sí èkejì. Abo kì í sàba gidi títí yóò fi ku ẹyin kan kó pé, ìdí nìyẹn tí àwọn ọmọ fi ń pa tẹ̀ lé ara wọn pẹ́kípẹ́kí.

Ìsàba gba nǹkan bí oṣù kan. Ó máa ń dà bíi pé nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀, ọ̀pọ̀ olùṣọ́ ló sì ń sú níbẹ̀. Kò yẹ kó sú wọn, torí àsìkò yìí gan-an ni èèyàn ń rí bí wọ́n ṣe ń fi oúnjẹ lé ara wọn lọ́wọ́ lójú ọ̀run. Akọ á ké láti òkèèrè, abo á gbéra, á gba ẹran náà lẹ́sẹ̀ akọ bí wọ́n ṣe ń fò lọ, nígbà míì á tilẹ̀ yí ẹ̀yìn padà kó tó gbà á. Bó ṣe ń jẹun, akọ á lọ jókòó lé ẹyin.

Ọjọ́ tí ọmọ bá pa, nǹkan á yí padà. Abo tó ti máa ń jẹun síta á bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ẹran wọ inú kòtò lọ, á tẹrí ba, á máa já a ní kékeré ní kékeré. Akọ á wá máa ṣọdẹ léraléra. Àwọn ọmọ yìí kò ní ju ìhùùhù funfun lọ lára, wọn kò sì lè mú ara wọn móoru fún bí ọjọ́ mẹ́wàá. Èyí ni àkókò tó léwu jù. Bí abo bá fò dìde, tó ń ké kẹ́kẹ́kẹ́ láìdákẹ́, ẹni tó ń wò ló sún mọ́ jù. Kí ó padà sẹ́yìn lójú ẹsẹ̀. Fọ́tò kan kò tó ohun tí òtútù fi máa pa ọmọ. Ní Bìrìtéènì, òfin ọdún 1981 kò gba ẹnikẹ́ni láyè láti mọ̀ọ́mọ̀ dà wọ́n láàmú nídìí ìtẹ́, àfi ẹni tó bá gba ìwé àṣẹ. Kò sì yẹ kí ibi tí ìtẹ́ wà hàn nínú fọ́tò tí a fi síta, torí àwọn kan ṣì ń jí ẹyin àti ọmọ àṣá.

Ìṣọ́ra yìí nídìí. Lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì, oògùn apakòkòrò DDT wọ ara àwọn ẹyẹ tí àṣá ń jẹ, èèpo ẹyin rẹ̀ wá fẹ́lẹ́ débi pé ó ń fọ́ mọ́ ìyá lábẹ́. Derek Ratcliffe, onímọ̀ nípa ẹyẹ ní Bìrìtéènì, tẹ ẹ̀rí èyí jáde lọ́dún 1967. Amẹ́ríkà fòfin de DDT lọ́dún 1972, ó sì di ọdún 1999 kí wọ́n tó yọ àṣá yìí kúrò lára ẹ̀dá tó wà nínú ewu níbẹ̀.

Ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ìyẹ́ aláwọ̀ ilẹ̀ á yọ láàárín ìhùùhù, àwọn ọmọ á máa wá síbi etí àpáta. Láàárín ọjọ́ 35 sí 42, wọ́n á fò. Àwọn akọ ló sábà ń kọ́kọ́ lọ, torí ara wọn fúyẹ́.

Ìgbà yìí ló dára jù láti ya fọ́tò, kò sì ní pa ẹnikẹ́ni lára. Àwọn ọmọ ń lépa òbí wọn kiri, òbí sì ń ju ẹran sílẹ̀ lójú ọ̀run kí wọ́n lè kọ́ bí a ṣe ń mú un. Lẹ́ńsì 500 tàbí 600 mm ló tó lò láti òkèèrè. Kí kámẹ́rà máa ṣí kó sì pa dé láàárín ìdá kan nínú 2,000 ìṣẹ́jú àáyá, kó má sì yára dín sí ìyẹn, torí àṣá tó ń já bọ́ lé ẹran lè sáré ju 300 kìlómítà ní wákàtí kan lọ. Ojú ọ̀run tó mọ́lẹ̀ máa ń tan kámẹ́rà jẹ, ẹyẹ á wá dúdú. Ẹ tún kámẹ́rà ṣe kí àwòrán lè mọ́lẹ̀ sí i díẹ̀. Àárọ̀ ló dáa, nítorí bí oòrùn bá mú, ooru tó ń gòkè lára òkúta á ba àwòrán jẹ́. Ẹ má lé ọmọ tó ń fò káàkiri pẹ̀lú lẹ́ńsì. Akọ tó ń bọ̀ pẹ̀lú ẹran ni kí ẹ dojú lẹ́ńsì kọ, torí ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni gbogbo wọn máa sáré wá.

Ẹ kọ ọjọ́ tí abo bẹ̀rẹ̀ sí í sàba sílẹ̀. Ojú àpáta kan náà ni tọkọtaya yìí sábà máa ń padà sí lọ́dún tó ń bọ̀.