Bí wọ́n ṣe ń pààrọ̀ brain box tó ń darí four-wheel ọkọ̀

Nínú Tahoe, Silverado àti Yukon tí General Motors ṣe láàárín ọdún 1999 sí 2006, èyí tó bá ní AutoTrac, ètò four-wheel tó ń fi bọ́tìnnì ṣiṣẹ́, kì í ní ọ̀pá gíà kékeré tí awakọ̀ ń fà kí táyà iwájú tó bẹ̀rẹ̀ sí í fa ọkọ̀. Bọ́tìnnì mẹ́rin ló wà lójú dáṣíbọ́ọ̀dù: Auto 4WD (ọkọ̀ á fúnra rẹ̀ pinnu), 2HI (táyà ẹ̀yìn nìkan), 4HI (táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin) àti 4LO (táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, eré kékeré, agbára púpọ̀). Ẹni tó bá tẹ ọ̀kan lè rò pé òun ti kó four-wheel wọlé. Rárá o. Ńṣe ló rán bọ́tìnnì náà níṣẹ́ sí brain box kan tó fara pamọ́ sábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù lápá awakọ̀, èyí tí ìwé ilé iṣẹ́ wọn ń pè ní TCCM. Brain box yìí ló máa pinnu bóyá iṣẹ́ náà ṣeé jẹ́.

Wáyà kan ṣoṣo ni bọ́tìnnì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fi ń bá a sọ̀rọ̀. Fóltì tí bọ́tìnnì kọ̀ọ̀kan ń mú jáde lórí wáyà náà yàtọ̀ síra, òun ni brain box sì fi ń mọ èyí tí wọ́n tẹ̀. Lẹ́yìn náà, á wo eré tí ọkọ̀ ń sá, ipò tí gíà wà, àti ibi tí transfer case, àpótí gíà tó ń pín agbára fún táyà iwájú àti ẹ̀yìn, wà lọ́wọ́lọ́wọ́. Tí gbogbo rẹ̀ bá ti tọ́, á fi iná ránṣẹ́ sí encoder motor, ẹ̀rọ oníná kékeré tí wọ́n fi bóòtù dè mọ́ ẹ̀gbẹ́ transfer case. Bí iná bá gba apá kan wọlé, ẹ̀rọ náà á yí síwájú; bí brain box bá sì yí ojú iná padà, á yí sẹ́yìn. Sẹ́ńsọ̀ kan wà nínú rẹ̀ tó ń jábọ̀ ibi tó yí dé. Ìjábọ̀ yìí ni gbogbo ètò náà gbára lé. Tí brain box bá ní kó lọ sí 4HI, tí sẹ́ńsọ̀ sì ń sọ pé ibi tó wà tẹ́lẹ̀ náà ló ṣì wà, á tún un gbìyànjú. Tí kò bá yí padà, á jáwọ́, á kọ kóòdù sílẹ̀, á sì gbé SERVICE 4WD síwájú awakọ̀.

4LO ní òfin tirẹ̀. Gíà ibẹ̀ ń dín eré kù ní ìlọ́po 2.72, nítorí náà ọkọ̀ gbọ́dọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró pátápátá, kí gíà sì wà ní Neutral, kí brain box tó gbà. Ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́ nígbà tí gíà wà ní Drive á kàn rí i tí iná bọ́tìnnì ń ṣẹ́jú. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ni wọ́n ti gbé lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì nítorí èyí nìkan, bẹ́ẹ̀ kò sí ohun tó ṣe é.

Ti Auto ló tún gba àkíyèsí jù. Nínú rẹ̀, brain box ń fi eré ọ̀pá tó lọ sí iwájú wé eré ọ̀pá tó lọ sí ẹ̀yìn. Bí tẹ̀yìn bá sáré ju tiwájú lọ, ó gbà pé táyà ẹ̀yìn ń yọ̀, á sì fún àwọn kílọ́ọ̀ṣì inú transfer case pọ̀ díẹ̀díẹ̀ kí agbára lè dé iwájú. Ẹni tó bá wá ra táyà tuntun méjì sẹ́yìn, tó fi èyí tó ti jẹ sílẹ̀ níwájú, ti da ìṣirò rú fún un, nítorí táyà tó jẹ ń yí ju táyà tuntun lọ lórí ọ̀nà kan náà. Nínú ọkọ̀ tó ní four-wheel, kí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dọ́gba ṣe pàtàkì ju bí ọ̀pọ̀ èèyàn ṣe rò lọ.

Nígbà tí iná SERVICE 4WD bá tàn, brain box ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ dá lẹ́bi. Ìyẹn ló ń jẹ́ kí owó ṣòfò. Lóòótọ́ ló máa ń bàjẹ́: ojú lẹ́ẹ̀dì tí wọ́n fi jó àwọn ẹ̀yà mọ́ bọ́ọ̀dù inú rẹ̀ lè là, omi sì lè wọ ibẹ̀. Ṣùgbọ́n bọ́tìnnì, encoder motor àti ojú wáyà (ibi tí wọ́n ti ń ki wáyà bọ ẹ̀rọ) ló máa ń ṣáájú rẹ̀ bàjẹ́. Ẹ̀rọ scan kékeré tó ń ka kóòdù ẹ́ńjìnnì nìkan kò lè ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ níbí, torí ọ̀pọ̀ kóòdù four-wheel ń fi lẹ́tà C bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe P bíi ti ẹ́ńjìnnì. Ó gba èyí tó lè bá brain box yìí gan-an sọ̀rọ̀. C0327 ń sọ pé ìjábọ̀ encoder kò bá a mu. Encoder motor, sẹ́ńsọ̀ rẹ̀ tàbí wáyà àárín wọn ni kí wọ́n kọ́kọ́ fura sí. C0550 ni brain box fi ń fẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́ pé òun ni. Kódà nígbà yẹn náà, kí wọ́n yẹ iná àti ẹ́ẹ̀tì (wáyà tó ń dá iná padà sí bátìrì) wò kí wọ́n tó gbà á gbọ́.

Àyẹ̀wò náà kò le fún ríwáyà tó ní sùúrù. Bátìrì tó sinmi dáadáa yẹ kó fi fóltì 12.6 hàn lórí mítà. Lẹ́yìn náà, kí ó wo àwọn fíúsì. Fún ẹ́ẹ̀tì, kí ó fi okùn mítà kan sórí wáyà ẹ́ẹ̀tì brain box, kí ó fi èkejì sórí nẹ́gétíìfù bátìrì, kí ẹlòmíì ṣí kọ́kọ́rọ́ kí ó sì tẹ 4HI. Bí mítà bá ju fóltì 0.2 lọ, ẹ́ẹ̀tì náà ti ń dínà. Kí ó wá wọ abẹ́ ọkọ̀, kí ó yọ ojú wáyà tó wọ encoder motor. Ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀ tó ti gbé ní ìpínlẹ̀ bíi Michigan ní Amẹ́ríkà, níbi tí wọ́n ti ń da iyọ̀ sójú títì nígbà yìnyín, ló ní nǹkan aláwọ̀ ewé tó bo àwọn pín-ìn-nì kéékèèké inú ibẹ̀. Iná kò lè gba ibẹ̀ kọjá bó ṣe yẹ. Kí wọ́n fọ̀ ọ́, kí wọ́n gbẹ ẹ́, kí wọ́n tún un dán wò. Nígbà mìíràn, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ máa parí sí.

Bí ibẹ̀ bá mọ́, kí wọ́n fi mítà sójú wáyà tó ń gbé iná wá fún encoder motor nígbà tí wọ́n ń tẹ bọ́tìnnì. Iná náà kì í dúró pẹ́, torí náà ojú gbọ́dọ̀ wà lára mítà. Bí fóltì 12 bá dé ibẹ̀ tí ẹ̀rọ náà kò sì yí, ẹ̀rọ náà ló kú. Bí iná kò bá dé rárá, tí bátìrì, fíúsì, ẹ́ẹ̀tì, bọ́tìnnì àti wáyà sì dára, ìgbà yẹn ni ó tọ́ kí wọ́n wá brain box lọ.

Àkíyèsí kan wà tó lè gba ẹ̀mí là. Bí transfer case bá bọ́ sí Neutral, Park inú gíà kò lè dá ọkọ̀ dúró mọ́, nítorí Park wà ṣáájú rẹ̀ lọ́nà tí agbára ń gbà. Ọkọ̀ lè yí lọ lórí ẹni tó wà lábẹ́ rẹ̀. Kí wọ́n tẹ handbrake (ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń tẹ̀ ẹ́ nínú àwọn ọkọ̀ yìí), kí wọ́n sì fi igi tó nípọn há táyà níwájú àti lẹ́yìn.

Nígbà tí wọ́n bá ń ra brain box mìíràn, nọ́ńbà tó wà lára síkà ni kí wọ́n wò, kì í ṣe ìrísí. Méjì lè jọra bí ìbejì, kí ètò inú wọn má bára mu. Ẹni tó bá ń lọ sí ọjà Ládípọ̀ ní Mushin kí ó gbé èyí tó bàjẹ́ dání, kí ó fi nọ́ńbà wé nọ́ńbà níwájú ẹni tó ń tà á.

Yíyọ rẹ̀ kì í gba àsìkò. Wọ́n á tú nẹ́gétíìfù bátìrì, wọ́n á yọ pátákó tó wà lápá orúnkún awakọ̀, wọ́n á sì tẹ ìdè ojú wáyà kí wọ́n tó fà á. Orí ojú wáyà ni ọwọ́ ń dì mú, kì í ṣe wáyà fúnra rẹ̀. Kí wọ́n fọwọ́ kan irin ọkọ̀ kí wọ́n tó mú tuntun náà jáde nínú ọ̀rá rẹ̀, kí iná ara má baà jó bọ́ọ̀dù. Kí wọ́n tan ìmọ́lẹ̀ sínú ojú wáyà tó ṣófo náà: bí pín-ìn-nì kan bá dúdú tàbí tó tẹ̀, tuntun náà máa jìyà ohun tó pa ti àkọ́kọ́.

Àwọn kan nínú brain box àtijọ́ máa ń ṣiṣẹ́ bí wọ́n bá ti so ó mọ́ wáyà. Àwọn tó dé lẹ́yìn, àti ti TrailBlazer, ọkọ̀ GM mìíràn, pẹ̀lú, kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n gbọ́dọ̀ fi ẹ̀rọ bíi Tech 2, ẹ̀rọ scan ti GM, kọ ètò tó bá nọ́ńbà VIN (nọ́ńbà ìdánimọ̀) ọkọ̀ náà mu sínú rẹ̀. Bí iná bátìrì bá rẹ̀ lágbedeméjì ìkọ̀wé yìí, brain box tuntun lè kú lójú ẹsẹ̀, nítorí náà kí chárjà wà lórí bátìrì títí tó fi máa parí. Lẹ́yìn èyí, wọ́n á pa kóòdù àtijọ́ rẹ́.

Orí iyanrìn tàbí ilẹ̀ tí wọn ò da ọ̀dà sí ni wọ́n ti ń dán 4HI wò. Lórí títì gbígbẹ, táyà iwájú ń rin ọ̀nà tó gùn ju ti ẹ̀yìn lọ nígbà tí ọkọ̀ bá ń yà, ọ̀pá méjèèjì á sì máa bára wọn jà. Bí iná 4HI bá dúró láìṣẹ́jú, tí kóòdù kankan kò sì padà, ṣùgbọ́n tí táyà iwájú kò fa ọkọ̀, kí wọ́n má tún padà sí abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù. Ẹ̀rọ kékeré mìíràn wà lára dífù iwájú, èyí tó ń so ẹsẹ̀ ọ̀tún mọ́ dífù. Òun ló kàn kí wọ́n yẹ̀ wò.