Ìtọ́sọ́nà lórí iṣẹ́ fún ọmọ ilé ẹ̀kọ́ sẹ́kọ́ńdírì ní Nàìjíríà

Ìtọ́sọ́nà lórí iṣẹ́ ni ìrànwọ́ tí ilé ìwé ń ṣe fún ọmọ sẹ́kọ́ńdírì kó lè mọ ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa, kó mọ irú iṣẹ́ tó wà níta, kó sì mọ sọ́bújẹ́ẹ̀tì tó gbọ́dọ̀ mú kó tó lè dé ìdí iṣẹ́ tó wù ú. Ní Nàìjíríà, abẹ́ gáídáǹsì àti káńsẹ́lìn ló wà, àwọn ọmọ ilé ìwé ń pè é ní G and C, ẹni tó sì ń ṣe é ni wọ́n ń pè ní káńsẹ́lọ̀. Káńsẹ́lọ̀ kì í wá iṣẹ́ fún ọmọ, kì í sì í yan iṣẹ́ fún un. Ọmọ fúnra ẹ̀ ló ń yàn, ti káńsẹ́lọ̀ ni pé kó má yàn án nínú òkùnkùn.

Kí ilé ìwé tó dé, ilẹ̀ Yorùbá ní ọ̀nà tiẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ọmọ Àyàn ń lu ìlù, ọmọ alágbẹ̀dẹ ń fẹ́ ẹwìrì fún bàbá ẹ̀ látìgbà tó ti lè dá dúró, ọmọ aláró ń bá ìyá ẹ̀ po aró, ẹni tó bá sì fẹ́ iṣẹ́ tí kì í ṣe ti ìdílé ẹ̀, wọ́n á mú un lọ bá ọ̀gá kan, á kọ́ṣẹ́ fún ọdún mélòó kan. Ìyẹn ṣì wà títí dòní lọ́dọ̀ àwọn télọ̀, mẹkáníìkì àti onírun, tí wọ́n ń ṣe fríìdọ̀m bí ẹni ń ṣègbéyàwó. Àmọ́ ilé ìwé mú ìbéèrè tuntun wá tí ìdílé ò lè dáhùn: ọmọ yìí ti mọ̀wé, kí ló máa fi ìwé náà ṣe?

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn

Ìbéèrè yẹn le sí i lẹ́yìn January 1955, nígbà tí ìjọba Western Region lábẹ́ Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní praimárì. Ọmọ tó wọ praimárì 1 lọ́dún yẹn jáde praimárì 6 lọ́dún 1960, wọn ò sì kéré níye rárá. Ṣáájú ìgbà yẹn, ẹni tó bá ní sàtífíkéètì lásán á rí iṣẹ́ akọ̀wé ṣe ní ọ́fíìsì ìjọba, ní Rélùwéè tàbí ní UAC, kò sẹ́ni tó ń bi í pé kí ló wù ẹ́.

Ọdún 1959 ni àwọn tó ń kọ ìtàn ẹ̀ka yìí máa ń kà sí ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Lọ́dún yẹn, àwọn sístà Kátólíìkì tó ń darí St. Theresa's College ní Òkè-Àdó, Ìbàdàn, wo àwọn ọmọbìnrin tó fẹ́ jáde ní kíláàsì ìkẹyìn, wọ́n rí i pé ọ̀pọ̀ wọn ò mọ ibi tí wọ́n ń lọ, ni wọ́n bá pe nǹkan bí 20 àgbà òṣìṣẹ́ látìta, dókítà, lọ́yà, nọ́ọ̀sì, oníròyìn, tíṣà, òṣìṣẹ́ báńkì, pé kí wọ́n wá bá àwọn ọmọ yìí sọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́ wọn, ohun tó ń gbà àti bí èèyàn ṣe ń débẹ̀. Nínú ọmọ 60 tó ń jáde, 54 ló ríṣẹ́. Ọ̀rọ̀ yẹn tàn káàkiri ìlú, àwọn ilé ìwé míì náà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é. Lọ́dún 1963 ni ìjọba Western Region dá Comprehensive High School sílẹ̀ ní Ayétòrò, tó ti wà ní Ìpínlẹ̀ Ògùn báyìí, ọmọ tó fẹ́ ṣe Gírámà àti èyí tó fẹ́ ṣe iṣẹ́ ọwọ́ wà nínú ọgbà kan náà níbẹ̀, ìyẹn ló jẹ́ kí ètò ìtọ́sọ́nà di dandan, torí bí ọ̀nà bá pọ̀ níwájú ọmọ, ẹnì kan gbọ́dọ̀ bá a yẹ̀ ẹ́ wò. Lọ́dún 1967 Ibadan Careers Council bẹ̀rẹ̀, nígbà tó di December 1976 àwọn káńsẹ́lọ̀ dá ẹgbẹ́ tiwọn sílẹ̀ ní Yunifásítì Ìbàdàn, òun là ń pè ní CASSON.

Ìjọba àpapọ̀ náà gbà. Nínú ìlànà ètò ẹ̀kọ́ tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 1977, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ni ò mọ nǹkan kan nípa iṣẹ́ tó wà níwájú wọn, torí náà àwọn máa yan káńsẹ́lọ̀ sí àwọn ilé ìwé tó wà lẹ́yìn praimárì. Ìwé yẹn, tí wọ́n ti tún ṣe lẹ́ẹ̀mélòó kan, ni káńsẹ́lọ̀ ìjọba dúró lé títí dòní.

JSS3 ni oríta

Nǹkan kan wà nínú ìtàn 1959 yẹn tó yẹ ká kíyè sí dáadáa: àwọn ọmọ tó ń jáde ni wọ́n pe àlejò fún. Ó bá ìgbà yẹn mu, torí iṣẹ́ ni wọ́n ń wá, ìwé mẹ́wàá sì ti parí. Àmọ́ lọ́dún 1982 Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ ètò 6-3-3-4, praimárì ọdún mẹ́fà, jùnííọ̀ ọdún mẹ́ta, síníọ̀ ọdún mẹ́ta, yunifásítì ọdún mẹ́rin, láti ìgbà yẹn ni oríta ti kúrò ní ìparí sẹ́kọ́ńdírì, tó ti bọ́ sí àárín ẹ̀. Ọmọ tó bá ṣe ìdánwò BECE tán ní JSS3, èyí tí gbogbo ayé ń pè ní Junior WAEC, bó bá ti wọ SS1 ó gbọ́dọ̀ wà ní kíláàsì Science, Art tàbí Commercial. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá tàbí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nìyẹn o.

Ìdí tó fi ṣe pàtàkì ni pé kíláàsì yẹn ló ń sọ sọ́bújẹ́ẹ̀tì, sọ́bújẹ́ẹ̀tì ló sì ń sọ kọ́ọ̀sì. JAMB, àjọ tó ń ṣe ìdánwò ìwọlé sí yunifásítì, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1978, ń fẹ́ sọ́bújẹ́ẹ̀tì mẹ́rin, Use of English ni àkọ́kọ́, mẹ́ta yòókù dá lórí ohun tí ọmọ fẹ́ lọ kà, 100 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan, gbogbo ẹ̀ di 400. Ẹni tó fẹ́ ka Medicine gbọ́dọ̀ mú Bàọ́lọ́jì, Kẹ́místrì àti Físíìsì, nọ́ọ̀sì náà bẹ́ẹ̀. Ẹni tó fẹ́ ṣe lọ́yà gbọ́dọ̀ ní Literature. Computer Science ń bèèrè Maths àti Físíìsì, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ ọmọ ló rò pé kéèyàn ṣáà ti mọ kọ̀ǹpútà ti tó. Economics náà, Commercial ni wọ́n ń kà á sí, àmọ́ bí kírédíìtì Maths ò bá sí nínú WAEC, kò lè ṣeé ṣe. Ọmọ tí ò bá mọ gbogbo èyí ní JSS3 á kàn bá ọ̀rẹ́ ẹ̀ lọ ni, tàbí kó lọ síbi tí tíṣà tó fẹ́ràn wà.

Ohun tó yẹ kó ṣẹlẹ̀ ní JSS3 rèé. Káńsẹ́lọ̀ ní fáìlì fún ọmọ kọ̀ọ̀kan látìgbà tó ti wọ JSS1, máàkì ẹ̀ wà níbẹ̀ tẹ́ẹ̀mù sí tẹ́ẹ̀mù, ohun tí àwọn tíṣà kọ nípa ẹ̀, kíláàbù tó ń ṣe, bóyá Press Club ni o tàbí JETS, ẹgbẹ́ àwọn ọmọ tó fẹ́ràn sáyẹ́ǹsì, àti àìlera tó bá ní. Á tún fún ọmọ ní ìwé ìbéèrè tó ń wá ohun tó nífẹ̀ẹ́ sí. Ọ̀jọ̀gbọ́n C.G.M. Bakare ti Yunifásítì Ìbàdàn ló ṣe ọ̀pọ̀ nínú irú ìwé ìbéèrè bẹ́ẹ̀ tí àwọn káńsẹ́lọ̀ wa ń lò, àǹfààní ńlá sì ni, torí ọmọ Nàìjíríà ló dìídì ṣe é fún. Lẹ́yìn náà èsì BECE á jáde, wọ́n á wá jókòó, ọmọ, òbí àti káńsẹ́lọ̀, kí wọ́n gbé gbogbo ẹ̀ sórí tábìlì: ohun tó wù ú, ohun tó mọ̀, ohun tí ilé lágbára láti ṣe. Bí wọ́n bá ṣe é báyìí, ọmọ tó yege nínú Maths àmọ́ tí ẹ̀jẹ̀ ń dẹ́rù bà á lè gbọ́ nípa Surveying, ìyẹn ilẹ̀ wíwọ̀n, tàbí Actuarial Science, ìyẹn fífi ìṣirò díwọ̀n ewu fún ilé iṣẹ́ ìbánigbófò, iṣẹ́ tí kò sẹ́ni tó dárúkọ ẹ̀ fún un rí.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níbi púpọ̀ yàtọ̀. Wọ́n á fi máàkì pín àwọn ọmọ bí ẹni ń ṣa ẹ̀wà, àwọn tó gba máàkì jù lọ sí Science, àwọn tó tẹ̀ lé wọn sí Commercial, àwọn yòókù sí Art, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ burúkú yẹn ti wá pé olódo ló ń lọ Art. Irọ́ gbáà ni, ó sì ń pa ọmọ lára, torí ẹni tó máa kọ òfin, tó máa ka ìròyìn, tó máa túmọ̀ èdè ní kóòtù, Art ló ti ń wá. Nígbà tó bá wá di SS3, tí fọ́ọ̀mù JAMB ti jáde, ni ilé ìwé máa ń ṣe Career Day, wọ́n á wọ àwọn ọmọ láṣọ dókítà àti ti lọ́yà, wọ́n á ya fọ́tò. Ó dára, ó ń dùn mọ́ ọmọ, àmọ́ oríta ti wà lẹ́yìn wọn lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn.

Àwọn Yorùbá tó wà ní Kétu àti Ṣábẹ̀ẹ́ ní orílẹ̀-èdè Benin mọ irú oríta yìí náà, torí lẹ́yìn BEPC, ìdánwò ìparí jùnííọ̀ tiwọn, ni ọmọ tiwọn ń wọ série, ìyẹn ẹ̀ka kíláàsì, A, B, C tàbí D. Ní Ìlú Ọba, níbi tí ọmọ Yorùbá pọ̀ sí ní London, òfin 2022 ti sọ ọ́ di dandan kí ilé ìwé ìjọba ní England bẹ̀rẹ̀ ìtọ́sọ́nà lórí iṣẹ́ láti Year 7, ìyẹn ọmọ ọdún mọ́kànlá, ọdún méjì tàbí mẹ́ta kó tó yan sọ́bújẹ́ẹ̀tì GCSE, ìdánwò sẹ́kọ́ńdírì tiwọn.

Òbí àti ọ́fíìsì káńsẹ́lọ̀

Òbí lágbára ju káńsẹ́lọ̀ lọ lórí ọ̀rọ̀ yìí, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀, àwọn ló ń sanwó. Dókítà, lọ́yà, injiníà, akáńtáǹtì, orúkọ mẹ́rin yìí ló wà lẹ́nu ilé púpọ̀, kì í ṣe pé wọ́n burú, àwọn ni òbí ń rí tó ń jẹun, tí wọ́n ń fi oríkì yẹ́ sí níbi ìnáwó. Káńsẹ́lọ̀ tó bá gbọ́n kì í bá bàbá jà níwájú ọmọ ẹ̀. Á pè é sí ọ́fíìsì, á kí i dáadáa, á gbé rìsọ́ọ̀tì ọdún mẹ́ta síwájú ẹ̀, á ní, "Bàbá, ẹ bá mi wo Físíìsì yìí," àwọn nọ́ńbà yẹn á wá sọ̀rọ̀.

Ìṣòro míì ni pé àwọn ọmọ rò pé ọlọ́ràn ló ń lọ sọ́dọ̀ káńsẹ́lọ̀. Èyí ò ṣẹ̀yìn àwọn ilé ìwé tó jẹ́ pé ọmọ tó jà tàbí tó sá kúrò ní kíláàsì nìkan ni wọ́n ń rán lọ síbẹ̀, wọ́n bá rí ẹni tó wọlé, wọ́n á máa bi í pé kí ló ṣe. Ti káńsẹ́lọ̀ fúnra ẹ̀ náà wà ńbẹ̀, ó lè jẹ́ òun nìkan fún gbogbo ilé ìwé, ibòmíì ò tiẹ̀ ní rárá, ibòmíì wọ́n tún fún un ní Civic àti Social Studies kó máa kọ́, kò wá ní yàrá tó lè tilẹ̀kùn kí ọmọ lè sọ òótọ́ inú ẹ̀.

Iṣẹ́ ọwọ́

Lọ́dún 2011, NERDC, àjọ ìjọba tó ń ṣètò ohun tí ilé ìwé ń kọ́, mú kárííkúlọ́ọ̀mù síníọ̀ tuntun wá, wọ́n fi sọ́bújẹ́ẹ̀tì iṣẹ́ ọwọ́ 34 kún un, ọmọ kọ̀ọ̀kan á mú ọ̀kan, bó bá jẹ́ Science ni o tàbí Art. Fọ́tò yíyà wà níbẹ̀, aró, ẹja sísìn, títún fóònù ṣe, oúnjẹ sísè. Èrò tó dára gan-an ni, torí ó fẹ́ kí ọmọ mọ iṣẹ́ kan kó tó jáde. Àmọ́ níbi púpọ̀ èyí tí ò nílò ẹ̀rọ ni ilé ìwé ń mú, bíi Marketing, wọ́n ń kọ́ ọ lórí bọ́ọ̀dù. Lọ́dún 2025 wọ́n tún un tò, wọ́n dín in kù sí mẹ́fà, sólà, aṣọ rírán, ẹran sísìn, ìtọ́jú ẹwà, títún kọ̀ǹpútà àti fóònù ṣe, àti ọ̀gbìn.

Tẹ́kíníkà kọ́lẹ́ẹ̀jì náà wà, bí èyí tó wà ní Àgídìńgbì, Ìkòròdú àti Ìkọ̀tún ní Èkó, NABTEB ló ń ṣe ìdánwò fún wọn, ọmọ tó bá jáde níbẹ̀ lè ṣiṣẹ́ iná tàbí wẹ́dà lójú ẹsẹ̀, ó sì tún lè lọ sí pólì. Káńsẹ́lọ̀ kì í sábà dárúkọ wọn fún ọmọ JSS3, bẹ́ẹ̀ ìgbà yẹn gan-an ló yẹ kó gbọ́.

Bí ọmọ bá ṣìnà

Ọ̀nà ò dí pátápátá. Ẹni tí JAMB ò gbà fún lè ṣe NCE ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn tíṣà tàbí ND ní pólì, kó fi Direct Entry wọ 200 level, ìyẹn ọdún kejì yunifásítì, tàbí kó ṣe IJMB tàbí JUPEB, ètò ìmúrasílẹ̀ tó ń múni dé ibẹ̀ náà. Èyí tó le ni ti ẹni tó wà ní kíláàsì tí kì í ṣe tiẹ̀. Ọmọbìnrin tó ṣe Art tó wá rí i ní SS3 pé nọ́ọ̀sì lòun fẹ́ ṣe gbọ́dọ̀ padà lọ bẹ̀rẹ̀ Kẹ́místrì àti Físíìsì láti ojú ìwé àkọ́kọ́, ní lẹ́sìnnì ìrọ̀lẹ́, kó forúkọ sílẹ̀ fún GCE, ìyẹn WAEC tí èèyàn ń ṣe níta ilé ìwé, kó sanwó ẹ̀, kó dúró de èsì, kó tó wá tún gba fọ́ọ̀mù JAMB. Ọdún kan ni tó bá yára, méjì tàbí mẹ́ta ni níbi tí owó ò bá sí.