Tí iná bá lọ sílẹ̀, ṣé kọ́rẹ́ǹtì ń pọ̀ ni àbí ó ń dín?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ìṣírò kan dà mí lọ́kàn rú. Ara áyọ́ọ̀nù mi wọ́n kọ 1000 wáátì, 230 fóòtì. Iná wa l'Òkè-Baálẹ̀, l'Óṣogbo níbí, bọ́ sí 150 lálẹ́ àná, mo ní kí n wá kọ́rẹ́ǹtì, ìyẹn bí iná tó ń ṣàn gba inú ẹ̀ ṣe pọ̀ tó. Mo fi 150 pín 1000, mo rí 6.67 ámpíà. Mo tún bá ti rẹsísítáǹsì lọ (bí wáyà inú ẹ̀ ṣe ń dènà kọ́rẹ́ǹtì tó), 2.84 ló gbé jáde. Èwo ni kí n gbà?

ÌDÁHÙN: 2.84 ni o. 1000 wáátì tí wọ́n kọ síbẹ̀, ìgbà tí iná bá pé 230 nìkan ló ń jẹ ẹ́. Ohun tí kì í fi bẹ́ẹ̀ yí padà lára áyọ́ọ̀nù ni óòmù ẹ̀, ìyẹn rẹsísítáǹsì tó o sọ yẹn, torí wáyà kan náà ló wà nínú ẹ̀, iná ì báà kún ì báà má kún. Wá óòmù yẹn ná: 230 lọ́nà 230, kó o fi 1000 pín in, 52.9. Òun ni wàá máa fi pín fóòtì tó bá wà nílẹ̀. Wáátì ẹ̀ lálẹ́ àná ò ju bíi 425 lọ, fóòtì ò tíì bọ́ sí ìdajì, wáátì ti kọjá ibẹ̀ sísàlẹ̀, aṣọ ò lè nà. (Òṣogbo yìí kan náà ni wọ́n ti ń darí iná gbogbo Nàìjíríà o, ẹ wo ohun tí à ń rí.)

ÌBÉÈRÈ: Ṣùgbọ́n oníná tó tún pọ́ǹpù wa ṣe ní iná tó lọ sílẹ̀ ló jó o, pé kọ́rẹ́ǹtì ti pọ̀ jù. Irọ́ ló pa ni?

ÌDÁHÙN: Kò parọ́ rárá. Mọ́tò ò dà bí áyọ́ọ̀nù, omi tó ń fà gòkè ò fúyẹ́ torí pé iná ò kún, ẹrù ẹ̀ ṣì wà bó ṣe wà, fóòtì ló dín, nítorí náà á máa fa kọ́rẹ́ǹtì sí i kó lè gbé e, wáyà inú ẹ̀ á máa gbóná, tó bá wá débi tí kò lè yí mọ́ tó dúró sójú kan tó ń kùn, ìyẹn ló burú jù, kíá ló ń jó. Fíríísà náà ń ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ pa á tí iná bá ti rí báyẹn. Má sì fi mítà wọn óòmù mọ́tò kó o wá fi pín fóòtì o, iye tó máa fún ẹ á pọ̀ ju ohun tó ń fà nígbà tó bá ń yí lọ fíìfíì.

ÌBÉÈRÈ: Tó bá jẹ́ wáátì àti óòmù nìkan ni mo mọ̀ ńkọ́?

ÌDÁHÙN: Fi óòmù pín wáátì, kó o wá síkúéà rúùtù ẹ̀. Áyọ́ọ̀nù ẹ: 1000 tí a fi 52.9 pín, 18.9, rúùtù ẹ̀ jẹ́ 4.35 ámpíà, iye kan náà tí wàá rí tó o bá fi 230 pín 1000.