Tójú yín ò bá pọ́n, ṣé ẹ ò ní jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ nìyẹn?

Bàbá kan wá fa ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ fún ìyàwó àbúrò ẹ̀ tó fẹ́ bímọ, bá a ṣe tẹ́ẹ̀sì ẹ̀jẹ̀ ọ̀hún báyìí, hepatitis B ló jáde, ìyẹn kòkòrò kan tó ń fa jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀. Bàbá ní "Nọ́ọ̀sì, ẹ lọ tún un wò o, ojú mi ò pọ́n, ìtọ̀ mi ò pọ́n, mo ṣì ru sìmẹ́ǹtì láàárọ̀ yìí." Mi ò bá wọn jiyàn, torí ohun tá a mọ̀ sí jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ látilé náà nìyẹn, kójú èèyàn pọ́n bíi pé wọ́n ta epo sí i.

Ṣẹ́ ẹ rí i, kòkòrò yìí ò kánjú rárá. Ó lè wà nínú ẹ̀dọ̀ fún 20 ọdún, 30 ọdún, kẹ́ni tó ni ín má mọ nǹkankan. Ara ẹni fúnra ẹ̀ ló ń bá a jà, ibi tí wọ́n ti ń jà yẹn lẹ̀dọ̀ ti ń gbọgbẹ́, ọgbẹ́ á san, á di àpá, òmíì á tún dé, títí ẹ̀dọ̀ tó rọ̀ á fi le gbagidi. Ẹ̀dọ̀ ló sì ń sẹ́ ìdọ̀tí inú ẹ̀jẹ̀ bí ìgbà téèyàn ń sẹ́ ògì, tó bá ti le tán, omi á kún ikùn, ikùn á wú, wọ́n á ní ayé ló ń ṣe é. Tàwọn míì á di jẹjẹrẹ.

Níbo ni bàbá ti kó o? Ó lè jẹ́ lára ìyá wọn lọ́jọ́ tí wọ́n bí wọn. Nínú ọmọ tuntun 10 tó bá kó o, bíi 9 ni kì í kúrò lára ẹ̀ mọ́, bẹ́ẹ̀ àgbàlagbà tó kó o, ara ọ̀pọ̀ wọn máa ń lé e dànù. Ìdí tá a fi ń pariwo nìyẹn pé ká gún ọmọ lábẹ́rẹ́ àjẹsára hepatitis B kó tó pé wákàtí 24, àmọ́ màmá àgbà á ní ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ lórúkọ ná. Ó sì lè jẹ́ ìbálòpọ̀, abẹ gbẹ́rẹ́, abẹ olóólà, bíléèdì bábà, torí kòkòrò yìí lè wà lára ẹ̀jẹ̀ tó ti gbẹ fún tó ọjọ́ 7. Ká jọ jẹun ò lè kó o ranni o, ẹ yéé ya ṣíbí èèyàn sọ́tọ̀, inú máa ń bí mi sí ìyẹn gan-an.

A ní kí bàbá lọ ṣe àyẹ̀wò tó máa sọ bí kòkòrò náà ṣe pọ̀ tó àti bẹ́dọ̀ ṣe wà, torí kì í ṣe gbogbo ẹni tó ní i ló máa lo tenofovir, oògùn yẹn náà ò sì lé e tán, ńṣe ló ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ìyàwó wọn ò ní, wọ́n ti gún abẹ́rẹ́ àjẹsára tiwọn àkọ́kọ́, ó ku méjì. Mo ní kí bàbá jìnnà sí ọtí, ẹ̀dọ̀ tó ń jà lọ́wọ́ ò ráyè paraga. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, ni wọ́n bá fa ìgò kan yọ nínú ọ̀rá, àgbo jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀, ọtí ni wọ́n fi rẹ ẹ́, iwájú géètì wa ni wọ́n ti rà á.