Ṣé Iṣẹ́ Ti Dẹnu Kọlẹ̀ fún Olùdarí Fíìmù Tó Bá Kọjú sí Tẹlifíṣọ̀n? Ọ̀rọ̀ Clement Virgo ti Kánádà

Ìbéèrè: Ní ọdún 1995, Rude, fíìmù gígùn àkọ́kọ́ tí Clement Virgo darí, dé àjọ̀dún fíìmù Cannes ní ilẹ̀ Faransé. Kí ló wá dé tí ọdún 15 fi wà láàárín fíìmù tí ó ṣe ní 2007 àti èyí tó tẹ̀ lé e ní 2022, tó jẹ́ pé eré tẹlifíṣọ̀n ló ń darí, tí púpọ̀ nínú wọn kì í sì í ṣe tirẹ̀?

Ìdáhùn: Iṣẹ́ kò dẹnu kọlẹ̀ fún un rárá. Owó fíìmù ní Kánádà ni kò jẹ́ kí olùdarí tó dá dúró lè fi fíìmù nìkan jẹun, bó ti wù kí orúkọ rẹ̀ lókìkí tó. Ìlú Montego Bay ní Jàmáíkà ni wọ́n ti bí Virgo ní 1966, ọmọdé ló sì wà nígbà tó dé Kánádà. Rude jẹ́ ọ̀kan lára àwọn fíìmù gígùn tó kọ́kọ́ jáde ní orílẹ̀-èdè náà tó jẹ́ pé ènìyàn dúdú ló kọ ọ́, tó darí rẹ̀, tó sì gbé e jáde. Síbẹ̀, ìyìn Cannes kì í ṣe owó ọwọ́.

Ìbéèrè: Kánádà kò tòṣì. Kí ló mú kí owó fíìmù ṣọ̀wọ́n níbẹ̀?

Ìdáhùn: Èdè Gẹ̀ẹ́sì ló fa púpọ̀ nínú rẹ̀. Àwọn ará Quebec, agbègbè Kánádà tí wọ́n ti ń sọ èdè Faransé, ní àwọn òṣèré àti fíìmù tiwọn tí wọ́n ń tú jáde lọ wò, ṣùgbọ́n ní Toronto tàbí Vancouver, èdè kan náà ni wọ́n ń bá àwọn ará Amẹ́ríkà sọ, nítorí náà fíìmù Hollywood ló gba àwọn ilé sinimá. Èyí ni ìjọba àpapọ̀ rí tó fi dá àjọ kan sílẹ̀ ní 1967 láti máa náwó sí fíìmù ilẹ̀ náà, àjọ tí a mọ̀ lónìí sí Telefilm Canada. Owó yìí wúlò, àmọ́ kì í sábà tó láti parí fíìmù kan, àwọn tó ń du ú sì pọ̀. Ẹni tó ń ṣe fíìmù yóò máa kó owó jọ díẹ̀díẹ̀ láti ibi púpọ̀, ìgbà mìíràn fún ọdún mélòó kan, kí kámẹ́rà tó yí rárá. Láàárín àkókò yẹn, ó ní láti jẹun, ó sì ní láti san owó ilé.

Ìbéèrè: Kí wá ni iyì iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n, nígbà tó jẹ́ pé ẹlòmíràn ló ni ín?

Ìdáhùn: Òtítọ́ ni pé ipò olùdarí yàtọ̀ níbẹ̀. Nínú fíìmù, òun ni ọ̀gá. Nínú eré tẹlifíṣọ̀n, òǹkọ̀wé tó dá eré náà sílẹ̀ ló ni àṣẹ, olùdarí sì dà bí aránṣọ tí wọ́n gbé aṣọ ẹbí fún, tí wọ́n ti yan aṣọ àti àrà kó tó dé, tó kù kí ó fi ọwọ́ rẹ̀ gbé e yọ láàárín ọjọ́ díẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni Virgo ṣe darí apá kan nínú The Wire, eré tí wọ́n yà ní Baltimore, ní 2002. Ṣùgbọ́n owó iṣẹ́ dájú, èèyàn sì ń kọ́ bí a ṣe ń yára ṣiṣẹ́ pẹ̀lú ọ̀pọ̀ òṣèré. Nígbà tí Greenleaf, eré nípa ìdílé kan tó ní ṣọ́ọ̀ṣì ńlá ní Memphis, bẹ̀rẹ̀ ní 2016, Virgo kì í ṣe olùdarí lásán mọ́. Ó ti wà lára àwọn tó ń gbé e jáde. Lójú tèmi, ẹni tó bá ń pe irú ìrìn bẹ́ẹ̀ ní ìfàsẹ́yìn kò tíì wo bí wọ́n ṣe ń fún ènìyàn ní owó ńlá ṣiṣẹ́.

Ìbéèrè: Ṣé jíjẹ́ ọmọ Kánádà ràn án lọ́wọ́?

Ìdáhùn: Nílé, bẹ́ẹ̀ ni. Kí eré kan tó lè gba ìdápadà owó-orí gẹ́gẹ́ bí eré Kánádà, ó ní láti ní ó kéré tán máàkì 6 nínú 10, tí wọ́n ń fún un nítorí àwọn ọmọ Kánádà tó wà ní ipò pàtàkì nínú eré náà; olùdarí tó jẹ́ ọmọ ilẹ̀ náà ń mú 2 wá.

Ìbéèrè: Níbo wá ni òmìnira rẹ̀ wà?

Ìdáhùn: Ó wà nínú ilé-iṣẹ́ tí òun àti Damon D'Oliveira, ẹnì kejì rẹ̀ nínú gbígbé fíìmù jáde, dá sílẹ̀, Conquering Lion Pictures, nítorí pé ẹni tó bá ní ẹ̀tọ́ lórí ìtàn ló ń pinnu bí wọn yóò ṣe ṣe é. Àpẹẹrẹ tó ga jù ni The Book of Negroes, láti inú ìwé Lawrence Hill, tí CBC, ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ìjọba Kánádà, gbé sáfẹ́fẹ́ ní apá 6 ní 2015. Virgo darí gbogbo apá náà, ó sì bá Hill kọ ọ́. Ìtàn Aminata Diallo ni, ọmọbìnrin tí wọ́n jí gbé ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, tó di ẹrú ní Amẹ́ríkà, tó sì bá àwọn ènìyàn dúdú tí orúkọ wọn wà nínú ìwé àkọsílẹ̀ ọdún 1783 tí wọ́n ń pè ní Book of Negroes wọkọ̀ láti New York lọ sí Nova Scotia ní Kánádà. Ní 1792, nǹkan bí 1,200 nínú àwọn tó dé Nova Scotia tún sọdá òkun lọ tẹ Freetown ní Sierra Leone dó. Ó yẹ kí ọmọ Yorùbá fetí sí èyí dáadáa: ìlú yìí kan náà ni wọ́n gbé Àjàyí Crowther lọ ní 1822, nígbà tí wọ́n gbà á sílẹ̀ lọ́wọ́ àwọn olówò ẹrú. Irú ìtàn tó rìn jìnnà báyìí gbówó lórí, nítorí náà Kánádà àti South Africa ni wọ́n jọ ṣe é, ní ìbámu pẹ̀lú àdéhùn tó mú kí orílẹ̀-èdè méjèèjì kà á sí eré tiwọn.

Ìbéèrè: Brother, fíìmù rẹ̀ ti 2022, gba àmì-ẹ̀yẹ 12 níbi Canadian Screen Awards, ayẹyẹ àmì-ẹ̀yẹ fíìmù àti tẹlifíṣọ̀n Kánádà, ní 2023. Ṣé ó ti fi tẹlifíṣọ̀n sílẹ̀ nìyẹn?

Ìdáhùn: Kò fi í sílẹ̀. Oṣù Kẹsàn-án 2022 tí wọ́n kọ́kọ́ fi Brother hàn ní àjọ̀dún fíìmù Toronto náà ni Netflix gbé eré kan nípa apààyàn Jeffrey Dahmer jáde, Virgo sì wà lára àwọn tó darí rẹ̀.